Ẹni Tó Ń Yan Róòsì Lábẹ́ Kọnkéré

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin hú róòsì ìyá wa, ó sì da kọnkéré lé ojú ibẹ̀. Igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó". Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un wà lábẹ́ kọnkéré náà.

Ọsíbítù ni mo wà nígbà náà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi kúrò nílé. Nígbà tí mo dé, tí mo fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ àgbàlá, ilẹ̀ funfun gbalaja ni mo bá, mọ́tò rẹ̀ kejì sì jókòó lé e lórí.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ilé àwa méjèèjì ni, òun sì nílò ibi tí òun máa gbé mọ́tò sí, pé òdòdó lásán ni. Ó tún pè mí ní Lọ́yà, orúkọ tó fi ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré nítorí pé n kì í gba ìyà mọ́ra. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ, níbi tí àwọn bíríkìlà kó pàǹtí sí, mo tú u títí mo fi rí ẹ̀ka kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Mo gbìn ín sínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú róòsì tí mò ń sọ.

Aránṣọ ni Màmá wa kí wọ́n tó kú. Iwájú fèrèsé ni máṣíìnì wọn wà, ebè róòsì sì wà níta fèrèsé yẹn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ojú kúrò lára aṣọ, ara òdòdó ni wọ́n ń gbé e lé. Bí a bá lọ sọ́dọ̀ baba tó ń ta òdòdó, àwọn obìnrin yòókù á máa du èyí tó ti tanná. Màmá á lọ bá èyí tí kò ní òdòdó kankan lórí. Wọ́n á ní kí baba náà yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò kí àwọn rí gbòǹgbò. Baba á máa ráhùn pé òdòdó lòun ń tà, òun ò mọ̀ pé ọkọ ọmọ ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Màmá á ní, "Òdòdó máa ń purọ́. Gbòǹgbò ò mọ irọ́ pa."

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò: àpáàdì lórí ihò ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò, èèpo ẹyin tí a gún nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìdí igi ni wọ́n ń bu omi sí láàárọ̀, kì í ṣe orí ewé, nítorí ewé tó bá fi omi sùn, àmì dúdú ló máa fi jí. Lẹ́yìn ọdún náà ni wọ́n ń gbé e sórí ebè. Wọ́n ní ìkòkò ni ilé bàbá, ilẹ̀ ni ilé ọkọ.

Gbogbo wọn ni wọ́n sọ lórúkọ. Funfun ni Nọ́ọ̀sì. Èyí tó pọ́n bí ọsàn ni Alásọjù, torí kì í sinmi òdòdó. Ọ̀kan wà tí kì í tẹrí ba fún afẹ́fẹ́, Ìyàwó Adájọ́ nìyẹn. Èyí tó pupa débi pé ó fẹ́ dúdú, tí òórùn rẹ̀ máa ń wọ inú aṣọ àwọn oníbàárà kí wọ́n tó wá gbà á, Àgbà Obìnrin ni. Ẹ̀ka tirẹ̀ ni mo rí nínú pàǹtí.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí òjò bá ti dá, Màmá á gbé àpótí ìjókòó, wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì wọn àtijọ́ tí kò gé aṣọ mọ́, èmi á gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á jókòó níwájú igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò ó tìtì, wọ́n á gé ẹ̀ka tó ti gbó ní ìdagẹ̀rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì yẹn máa ń ké kín-ín kó tó gé. Lẹ́yìn náà wọ́n á dájọ́: "Èyí á dúró." Tàbí: "Èyí á lọ." Èyí tí wọ́n bá ní á lọ, ọjọ́ yẹn náà la ń hú u. Mo sunkún torí ọ̀kan rí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, torí iyẹ̀pẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ní igi náà ò ṣẹ̀, àsìkò rẹ̀ ló pé.

Ẹ̀ka inú ìkòkò hù. Ọdún yípo. Gbòǹgbò ti ń yọ ní ihò ìsàlẹ̀, ewé ń pọ́n. Bí kò bá kan ilẹ̀, ó máa kú, kò sì sí òmíràn mọ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí kì í bẹ̀bẹ̀, pé kó jẹ́ kí n fọ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì péré nínú kọnkéré náà. Ó ní tí a bá fọ́ ọ níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló máa ya.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láàárọ̀. Òjò ò rọ̀. Ojú ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń tutù, róbótó róbótó, ní ìlà mẹ́ta, ibi tí ìdí igi kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Mo ní bóyá páìpù ló ń jò. Òṣìṣẹ́ omi wá wò ó, ó ní páìpù kankan ò gba abẹ́ ibẹ̀. Ó fa imú, ó bi mí pé ta ló da lọ́fínńdà síbí.

Ní ọjọ́ kẹrin, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mò ń fi máṣíìnì Màmá ránṣọ níwájú fèrèsé. Mo gbọ́ kín-ín. Mo dá máṣíìnì dúró. Kín-ín náà tún dún, ó sì gé nǹkan. Mo kọ́kọ́ lọ wo sísọ́ọ̀sì Màmá: ó wà lórí ìṣó rẹ̀ ní kíṣìnì. Mo wá jáde, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó dùn mí dọ́kàn, mo sì gbé etí lé kọnkéré.

"Nọ́ọ̀sì. Èyí á dúró."

Ohùn ìyá mi ni. Kò ga, kò sì jìnnà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àpótí lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ní irọ́ ni: inú mi dùn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kí Alásọjù dúró, kí Ìyàwó Adájọ́ dúró, kí mẹ́rin lọ. Mò ń kà á lọ́kàn bí ọmọ tó gbé apẹ̀rẹ̀. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé ó ti parí. Àpótí tún wọ́ nílẹ̀.

Wọ́n pe oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Sísọ́ọ̀sì ké. "Èyí á dúró."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó hú igi, òun ni wọ́n ní kó dúró.

Àpótí tún wọ́. Mo mọ ẹni tó kù. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí. Mo gbé etí mi kúrò. Mi ò ní purọ́ pé orúnkún ló fà á.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé, nínú aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín pé oògùn ọsíbítù ti ọdún tó kọjá ò tíì kúrò lójú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Ó wakọ̀ kúrò lórí ibẹ̀ kí n lè rí i pé asán ni. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó kúnlẹ̀.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbé etí sílẹ̀. Sísọ́ọ̀sì tún ké lábẹ́ rẹ̀. Mo rí bí ẹ̀rín náà ṣe kú. Ó pẹ́ níbẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọdé tó ń kàwé. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó rọra sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dìde, kò gbọn eruku ara rẹ̀, ó wò mí. Ó na ọwọ́, ó tún ọrùn aṣọ mi ṣe, bí ẹni tó ń múra fún ọmọ iléèwé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Lọ jókòó," ló ní. "Ẹsẹ̀ yẹn ò tíì jinná."

Kò pè mí ní Lọ́yà.

Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà méjì dé pẹ̀lú òòlù ńlá. Òun ló rán wọn. Wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà méjì. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi, ẹnì kan sì ti ro ó. Èyí àgbà nínú wọn bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, ta ló ń roko lábẹ́ sìmẹ́ńtì?" Ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín, tí a gbẹ́ yíká dáadáa. Mo gbé ìkòkò mi sún mọ́ ọn. Ó ṣe rẹ́gí.

Oṣù kan ti kọjá, mi ò tíì gbìn ín. Róòsì tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀, ọdún méjì ló fi ń wá ẹni tó máa jí bu omi sí i ní ìdí. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ìpè mi. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́, ó ń fi oògùn ìpara ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé n ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ọkùnrin tí kò lè fún mi ní àyè ìkòkò kan.

Torí náà ni mo ṣe kọ ìtàn yìí. Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti fi ọ̀rọ̀ kọnkéré jì yín. Ẹ gbé oúnjẹ yín. Ẹ wá síbí, ẹ jókòó níwájú mi ní ọ̀sán gangan, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn: nígbà tí Màmá wọ́ àpótí dé ọ̀dọ̀ mi, kí ni wọ́n sọ?