Wọ́n Rán Keeley Lọ sí Coventry

"A ti rán Keeley lọ sí Coventry," ni Jodie wí bí wọ́n ṣe ń tò fún oúnjẹ ọ̀sán. "Ẹni tó bá dá a lóhùn á bá a lọ síbẹ̀."

"Ṣebí Coventry náà la wà yìí," ni Tamsin fèsì.

Àwọn ọmọbìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Jodie náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹni tí wọ́n bá rán lọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí Keeley ṣe kò ju pé ó sọ fún olùkọ́ pé àwòrán ìbéèrè ìdánwò ìṣirò wà nínú fóònù Jodie. Wọ́n fagi lé ìdánwò náà, wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí Keeley bá béèrè nǹkan, ògiri ni wọ́n máa ń wò. Tamsin, tó ti ń bá a rìn láti ọmọ ọdún márùn-ún, ń wo ògiri bíi tiwọn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá Keeley wá ilé-ìwé mìíràn fún un. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni yóò lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ludgrove tó ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kí kálukú mú àkànlò èdè kan, kó wádìí ibi tó ti wá, kó sì kà á fún kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀. Ó kìlọ̀ pé irọ́ tó dùn pọ̀ nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Èyí tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni Tamsin mú. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìlú òun ṣe tí orúkọ rẹ̀ fi di ìyà.

Ní ilé ìkàwé, ó rí i kà pé nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun ọba tí wọ́n mú wá sí Coventry, àwọn ará ìlú ò sì dá wọn lóhùn. Ìwé mìíràn ní àwọn ará ìlú kórìíra ṣọ́jà débi pé obìnrin tó bá bá ṣọ́jà sọ̀rọ̀ ti di ẹni ìtanù. Ti ogun yẹn dùn mọ́ Tamsin. Ó ti kọ ìdajì rẹ̀ bí òótọ́ kó tó ṣàkíyèsí pé ẹni tó kọ ìwé náà fi "bóyá" síwájú rẹ̀.

Ó gba ilé Cyril lọ, ìyẹn bàbá bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ó bá a níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì yíyan àti ẹ̀wà inú agolo, ó sì bi í bóyá ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Mi ò mọ ibi tó ti wá," ni bàbá wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo mọ̀."

Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún kan. Len Hobday nìkan ló wọlé ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Nígbà tí gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fi àga òfìfo sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì Len. Bó bá ní kí wọ́n na irinṣẹ́ sí òun, ilẹ̀ ni wọ́n máa gbé e sí. Àwọn méjìlá ló wà nídìí iṣẹ́ kan náà, Cyril ló sì ń po tíì. Ife mọ́kànlá ló ń bu tíì sí.

Tamsin bi í bóyá ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ní kó má bu ti Len.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọwọ́ mi ni ìkòkò tíì wà. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń gbé ife rẹ̀ síwájú mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, kò wá mọ́. Ó kú kí n tó bá a sọ̀rọ̀."

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò jẹun mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Jodie ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé ológbò àti ajá ń rọ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ ni pé orí òrùlé koríko ni àwọn ẹranko náà máa ń sùn láyé àtijọ́, tí òjò á sì mú kí wọ́n yọ̀ jábọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ludgrove bi í léèrè ẹni tó rí wọn. Jodie jókòó.

Tamsin ka ìtàn méjèèjì, ó sì sọ pé kò sí èyí tó dá àwọn tó kọ ọ́ pàápàá lójú. Olùkọ́ náà mi orí. Ṣùgbọ́n Tamsin ò jókòó.

"Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é," ló wí. "Mo mọ ẹni tó ń ṣe é báyìí. Èmi ni." Ó yíjú sẹ́yìn. "Keeley, ṣé kí n wá bá ẹ jẹun lọ́sàn-án?"

Keeley wo ojú rẹ̀ títí.

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún," ni Keeley wí. "Mo rò pé o ò ní lè ṣe é ju ọjọ́ kan lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù Jodie ló ń bà mí."

"Ọ̀dẹ̀," ni Keeley wí, ó sì sún àpò rẹ̀ kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, Jodie àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti rán Tamsin náà lọ sí Coventry, wọn ò sì lanu bá a sọ̀rọ̀ títí di ìsinmi. Síbẹ̀, Keeley lọ ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n jọ rìn délé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n sì jọ sọ, títí kan èyí tó dun Tamsin láti gbọ́.

Ó dára kí ọmọdé wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Kó wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún èèyàn pẹ̀lú. Jodie ló pàṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni Tamsin fi dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, kò sì sí ìgbà tí kò lè là á.