Ọkọ̀ Tó Kún Jù

“Èmi ò wọ̀ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà dúró gbọn-in lórí pákó èbúté. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sí ohun tí kì í bèèrè ìdí rẹ̀.

Láàárọ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni òun, àwọn òbí rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ fi wọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú erékùṣù náà. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti ṣèlérí ìgbafẹ́ yìí. Wọ́n rìn létí omi títí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì kó ìkarawun sápò títí ṣòkòtò fi fẹ́ bọ́ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń padà, gbogbo èrò sì ya lù ú.

“Ẹ wọlé! Àyè ṣì wà!” Agbèrò ń pariwo, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ti ń jókòó lórí ẹrù ara wọn. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ti wọlé. Lọ́yà wo ara ọkọ̀. Ìlà funfun tí wọ́n kùn síbẹ̀, tí omi ò gbọdọ̀ kọjá, ti rì pátápátá.

“Bàbá, ẹ wo ìlà yẹn. Omi ti bò ó.”

“Ṣé orí gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni ò pé ni? Wọlé, jàre!”

Agbèrò bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fojo sílẹ̀, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sílé!”

Àwọn ọmọ iléèwé kan nínú ọkọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ojo! Ojo!” Ojú ti Lọ́yà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré wọnú ọkọ̀, ariwo náà á dópin. Kò gbé e.

“Ẹ máa pè mí lójo,” ó ní. “Ojo tó ń mí sàn ju akíkanjú tí wọ́n ń wá kiri nísàlẹ̀ omi. Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé àga tẹ́rù bá ti ju agbára rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kán?”

Bàbá gbọ́wọ́ sókè. “Ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ bí mi, Bàbá. Ẹ lù mí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Orí ilẹ̀ ni màá wà tẹ́ ẹ ó fi lù mí.”

Ìyá dìde nínú ọkọ̀. Ó fa àbúrò lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró ti ọmọ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tẹ̀lé e. Tọkọtaya kan náà sọ̀. Kí agbèrò tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti wà lórí pákó, ìlà funfun náà sì yọrí jáde nínú omi.

Awakọ̀ jáde, ó wo ìlà, ó wo èrò. “Màá gbé àwọn yìí dé òdìkejì,” ó ní, “màá sì padà wá kó yín.”

Wọ́n dúró pẹ́. Otútù mú wọn, àbúrò sunkún ebi, àwọn kan sì ń fi Lọ́yà ré. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dé tó tún kó wọn, ìgbì dìde láàárín omi, ó ń gbá wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, omi sì ń ta sórí ìjókòó. Bàbá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ọmọ rẹ̀ léjìká.

“Ká ní a pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí tó ti àkọ́kọ́ ni…” Ó wo ìgbì náà. “Àmọ́ o dójú tì mí láàárín èrò.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Tó bá tún kún bẹ́ẹ̀ lọ́la, n ò ní wọ̀ ọ́.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Èmi náà ò ní wọ̀ ọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ohun tí kò dáa di dáadáa. Ẹni tó bá rí òótọ́, kó dúró tì í, ì báà jẹ́ òun nìkan ló ṣẹ́ kù lórí èbúté.