Àmì Tí Mọ̀núrù Kò Pa Rẹ́

"Mọ̀núrù, níbo ni wọ́n wà? Àbí o ti sùn ni?"

Fúnṣọ́, olórí ikọ̀, ló ń pariwo láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mọ̀núrù tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni Bọ̀dá Jímọ̀ fi wáyà so pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìkòyí mẹ́ta jókòó sí apá kan. Fúnṣọ́, Ganiat àti Mọ̀núrù wà ní apá kejì. Ikọ̀ tó bá borí nínú géèmù ogun ojú ọ̀run tí wọ́n ń ta lórí rẹ̀ ni Bọ̀dá Jímọ̀ yóò kọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Ganiat kò ní ọ̀nà mìíràn. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Mọ̀núrù ni amí wọn. Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ nínú géèmù náà kò ní ìbọn, àmọ́ ó mọ ibi tí à ń sá pamọ́ sí. Kì í sàmì sí ẹnu ọ̀nà ọ̀tá gan-an. Ẹ̀yìn àpáta tó jìnnà díẹ̀ ló máa ń sàmì sí, kí ó lè máa wò wọ́n láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Bí ó bá pe àwọn tirẹ̀, ibi àmì náà ni ọkọ̀ wọn yóò já sí. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí ọ̀tá bá ti dé ibẹ̀, kí amí pa àmì náà rẹ́ kíá.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn àmì Mọ̀núrù ni wọ́n fi na àwọn ọmọ Ọbáléndé. Ṣùgbọ́n ohun tí Fúnṣọ́ sọ lójú gbogbo èèyàn ni pé, "Èmi ni mo jagun. Mọ̀núrù kàn ń sá kiri bí eku ni." Mọ̀núrù bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú rẹ̀.

Wàyí o, ọkọ̀ Ìkòyí kan yọ lẹ́yìn àpáta tí Mọ̀núrù sàmì sí, ó dúró díẹ̀, ó sì padà. Wọ́n ti mọ ibẹ̀. Mọ̀núrù na ìka sí bọ́tìnnì tó fi ń pa àmì rẹ́.

"Eku ilé, o ò tíì rí ihò wọ̀ ni?" Fúnṣọ́ tún bú u. Àwọn ọmọ Ìkòyí rẹ́rìn-ín.

Mọ̀núrù fa ìka rẹ̀ padà. Fúnṣọ́ ló máa ń ṣíwájú. Kí Fúnṣọ́ nìkan lọ kó sí wọn lọ́wọ́.

"Ibẹ̀ dá," ó wí. "Ẹ máa bọ̀."

"Fúnṣọ́, jẹ́ kí n ṣíwájú lónìí," Ganiat sọ.

Mọ̀núrù la ẹnu. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò mọ̀ pé ó parọ́. Ó pa ẹnu náà dé.

Ìbọn mẹ́ta ló pàdé Ganiat. Fúnṣọ́ sáré lọ gbà á sílẹ̀, wọ́n fọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ náà. Ó parí, Ìkòyí ti borí.

Ganiat rìn wá sí ìdí kọ̀ǹpútà Mọ̀núrù. Géèmù ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé ọ̀tá ti dé ibi àmì náà kí Mọ̀núrù tó pè wọ́n.

"O rí wọn."

"Fúnṣọ́ ni mo..."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Àwọn ọmọ Ìkòyí kò wá kẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Fúnṣọ́ rí ibòmíràn tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá Mọ̀núrù rán an ní gàrí ní Èbúté Èrò. Ganiat ló bá nídìí ọjà.

"Kọ́ńgò mélòó lẹ fẹ́?" ó bi í, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà náà ló tó yé Mọ̀núrù pé ẹni tí àwọn èèyàn fi ṣe ojú wọn kò gbọ́dọ̀ fi ojú náà gbẹ̀san. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀san náà bà.