Ìtẹ̀ka Olówòkéré

Gbogbo aṣọ ara ọmọbìnrin náà ló rin gbindin, omi ń kán tó, tó, tó sórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ìwé tó dì sínú ọ̀rá, tó fi gèlè gbá mọ́rí, gbẹ bí ojú ewé kókò. Ìgbì ti bá ọkọ̀ tó gbé e wá láti Aráròmí fínra lọ́nà. Ó tú gèlè, ó tú ọ̀rá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí akọ̀wé tó jókòó níwájú rẹ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fúnni.

Fọláránmi lorúkọ akọ̀wé náà. Kò tíì pé oṣù kan tí ìjọba gbé e láti Ìsẹ́yìn wá sí Mahintedo, níbi tí ilé ń dúró lórí òpó, tí iná àwọn elépo rọ̀bì ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru. Omi ń bà á lẹ́rù débi pé ó máa ń di ojú bó bá ń rìn lórí afárá pákó. Lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ kọ̀, kò dì. Ó wo ọmọbìnrin náà títí tó fi gbàgbé ìwé tí wọ́n nà sí i.

"Ọ̀gá, ọwọ́ ń ro mí o," ọmọbìnrin náà wí. "Àbí ẹ fẹ́ kí n fi eyín dì í mú ni?"

"Ẹ má bínú. Ẹ… ẹ jókòó."

"Kí n jókòó kẹ̀? Kí àga ìjọba rin!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Jọọlá lòun ń jẹ́, ọmọ Olówòkéré apẹja. Òkun ń jẹ Aráròmí, ó ní. Ó ti jẹ ọjà, ó ti jẹ ilé-ìwé, ó ti jẹ ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí. Ohun tí bàbá òun ń bẹ ìjọba fún kò ju kí wọ́n rán awọnlẹ̀ wá, kó wọn ilẹ̀ gbígbẹ fún wọn, kí wọ́n lè kó lọ síbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìwé ti ń lọ. Bàbá kò mọ̀wé. Tíṣà Pius ló ń bá a kọ ọ́, òun a sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́.

"Ṣé wọ́n ti fèsì èyí tí a mú wá lóṣù tó kọjá?"

Ẹ gbọ́, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, mi ò sì ní bo Fọláránmi láṣìírí. Kò mọ ibi tí ìwé oṣù tó kọjá wà. Ta ló mọ̀? Ìwé ló kún ọ́fíìsì náà dé àjà: ìwé lórí tábìlì, ìwé lábẹ́ tábìlì, ìwé nínú àpò sìmẹ́ńtì, ìwé tí eku bímọ sí tí àwọn ọmọ náà tún ti bímọ. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ohun tí gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀.

"Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá," ó wí. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀."

Ojú Jọọlá tàn yòò. "Háà! Bàbá á yọ̀ o! Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an ni."

Nítorí ojú tó tàn yẹn ni Fọláránmi ṣe tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Jọọlá ń wá ta ẹja ní Mahintedo, bó bá sì tà á tán, á ya ọ́fíìsì. Nígbà tó yá, ó di pé kó tó tà á ló ń yà. "Ọ̀gá" di "Fọláránmi," Fọláránmi di "ará òkè mi."

Jọọlá mú un lọ sí èbúté lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní dandan ni kó wọ ọkọ̀. Fọláránmi di òpó èbúté mú.

"Má wo omi," Jọọlá wí. "Ojú mi ni kó o wò."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù."

"Ẹ gbà mí! Ará òkè ti mọ ọ̀rọ̀ dídùn." Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àní nígbà tí ọkọ̀ ti dúró ṣinṣin.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọn, Alàgbà Adégbóyè, gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkìtì ìwé, ó mí kanlẹ̀. "Fọláránmi, ìwọ lo kéré jù níbí. Bá mi dín ìwé wọ̀nyí kù. Èyí tó bá ní nọ́ńbà fáìlì, tò ó. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, kó o dànù. Ìwé tí kò ní nọ́ńbà kì í ṣe ìwé."

Fọláránmi bọ́ ẹ̀wù, ó kó sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó gbọn eruku, ó ya èyí tó máa dúró sọ́tọ̀, ó kó èyí tó máa lọ sínú àpò. Inú rẹ̀ ń dùn bí ògiri ṣe ń yọjú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bọ́ sórí ìdì ìwé kan tí gbogbo rẹ̀ ní ìtẹ̀ka aláwọ̀ àlùkò nísàlẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lórí ọ̀kankan. Ṣé kò wá mọ̀ ọ́n ni? Ẹ̀yin ará, mo rò pé ó mọ̀ díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó kà á, ọwọ́ rẹ̀ sì yára ju ọkàn lọ. Ó ti jù ú sínú àpò kó tó di pé ó bi ara rẹ̀ léèrè.

Ní Mahintedo, wọn kì í dáná sun ìwé gbígbẹ. Níbi tí ọ̀rinrin ti ń ba gbogbo nǹkan jẹ́, ìwé tó gbẹ níyì; àwọn obìnrin tó ń ta ẹja yíyan àti àwọn alákàrà ló ń tọrọ rẹ̀ láti fi di ọjà. Fọláránmi kó àpò mẹ́ta fún Fẹ̀hìntọlá, alákàrà etí èbúté. Obìnrin náà kúnlẹ̀ súre fún un pé yóò fẹ́yàwó ire.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni Jọọlá ní kó wá kí bàbá òun. "Bàbá fẹ́ràn àkàrà Mahintedo," ó wí. "Má gbé ẹja lọ fún apẹja o, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí di ọdún mìíràn." Ni wọ́n bá ra àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ Fẹ̀hìntọlá, wọ́n wọ ọkọ̀, ó di Aráròmí.

Ilé Olówòkéré ni ó gbẹ̀yìn lójú òkun. Àwọn ilé mìíràn tó wà níwájú rẹ̀ rí ti lọ. Òpó wọn nìkan ló yọrí nínú omi. Bàbá náà ga, ó gbẹ, ara rẹ̀ sì yá mọ́ àlejò. "Ìwọ lo ń sọ fún ọmọ mi pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé mi? Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Àwọn èèyàn ti ń kó lọ, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo ní rárá, ìjọba máa fèsì. Jókòó, jókòó."

Ó tú àkàrà. Ó mú ọ̀kan, ó bù ú jẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ dúró.

Ó gbé ìwé tí wọ́n fi di àkàrà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Òróró ti rin ín, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka wà níbẹ̀, aláwọ̀ àlùkò, tí ojú ọgbẹ́ ìwọ̀ là sí méjì. Ó tẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tú ìdì kejì. Òun náà nìyẹn.

"Èmi rèé," bàbá náà wí, jẹ́jẹ́. "Jọọlá, àbí èmi kọ́ nìyí?"

Jọọlá gba ìwé náà, ó wò ó, ó wá yí ojú sí ọkùnrin tó fẹ́ràn.

"O ní ó wà lórí tábìlì."

"Jọọlá, jẹ́ kí n…"

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tí mo bi ọ́, o wo ojú mi, o ní ó wà lórí tábìlì. Mo máa ń sáré dé ilé kí n lè sọ fún wọn." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Dìde, máa lọ. Ọkọ̀ ò tíì kúrò."

Ó dìde. Ó padà wọ ọkọ̀ náà.

Àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n yin ọ́fíìsì, wọ́n lọ. Alàgbà Adégbóyè ní kò tíì rí akọ̀wé tó mọ́ tónítóní báyìí rí. Fọláránmi ò lè jẹun. Ilé náà mọ́, ó sì dà bí ẹni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbọn Jọọlá dànù mọ́ eruku. Ọjọ́bọ̀ kan lọ, èkejì lọ, Jọọlá ò gba ojú ọ̀nà ọ́fíìsì mọ́.

Ó tọ Fẹ̀hìntọlá lọ, ó fi ìwé ìròyìn pààrọ̀ ìyókù tó wà nínú àpò. Ó lọ káàkiri ọjà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ó ń bẹ̀ wọ́n, àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Ìwé Olówòkéré mẹ́tàdínlógún ló rí. Ó nà wọ́n sóòrùn, ó kó wọn lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà.

Alàgbà Adégbóyè bọ́ awò ojú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Nọ́ńbà tó máa ṣe kí ni? Gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣẹ́ kù yẹn, ọ̀pá epo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti ọdún kẹta tí ìwé wọn ti ń wá ni wọ́n ti ní kò ṣeé ṣe. Awọnlẹ̀ kankan ò ní wá."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn?"

"Ta ló máa sọ ọ́? Ìwọ gan-an, ṣé o sọ ọ́?"

Fọláránmi dá nìkan wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò di ojú. Kò tilẹ̀ rántí pé omi wà.

Nígbà tó dé Aráròmí, yàrá iwájú ilé Olówòkéré ti lọ. Bàbá náà jókòó sí ìyókù, Jọọlá ń di agbọ̀n sí ẹ̀yìn ilé, kò kí i. Fọláránmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, ó kó ìwé mẹ́tàdínlógún náà sílẹ̀.

"Kà á fún mi," Olówòkéré wí.

Ó kà á. "Sí ìjọba wa ọlọ́lá. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì…" Ó ka ọ̀kan, ó ka méjì, ó ka mẹ́rin. Ní ìkarùn-ún, bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Kí ni èsì?"

Fọláránmi gbé ojú sókè. "Kò sí èsì, Bàbá. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀pá epo wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, wọn ò ní fún yín. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo ń parọ́ fún Jọọlá, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo ń pa."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀?"

"Láti ọdún kẹta."

Olówòkéré to àwọn ìwé náà jọ. "Ọdún karùn-ún ìwé yìí ni ilé wó lu Kọ́lájọ," ó wí. "Àkọ́bí mi. Ó ní kí a kó lọ. Mo ní kó mú sùúrù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé wa." Ó bo ojú. Ẹ̀yin èèyàn, kí àgbàlagbà sunkún lójú àlejò, ẹ má gbàdúrà kẹ́ ẹ rí i. Jọọlá wá, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì sunkún Kọ́lájọ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló kú. Fọláránmi ò kúrò lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Nígbà tó ṣe, bàbá náà dìde, ó wá òòlù. "Ẹ jẹ́ ká tú ilé yìí ká kí omi tó tú u. Mo ń lọ bá àbúrò mi ní Oríòkè-Ìwàmímọ́." Ó wo Fọláránmi. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Bóyá n óò ṣe é, bóyá n ò ní lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo gbé ẹnu wá. Dìde."

Wọ́n yọ ìṣó títí oòrùn fi kán àtàrí. Jọọlá lọ dúró síbi tí yàrá iwájú wà tẹ́lẹ̀, omi ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Fọláránmi lọ bá a.

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa fẹ́ràn ẹ mọ́," Jọọlá wí. "Mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣíwọ́."

"Mo mọ̀ pé mo pa ọ́ lára."

"Bó bá jẹ́ pé n óò fẹ́ ọ, o ò gbọdọ̀ fi irọ́ tù mí nínú títí ayé. Bó bá burú, sọ pé ó burú."

"Mo gbọ́."

Ó nawọ́ sí òpó tó kù, àti omi pẹrẹsẹ tí ibojì ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. "Ṣé a tún máa padà síbí láé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n Fọláránmi. Ojú tó fẹ́ kó tàn ló ń wò ó yẹn.

"Rárá," ó wí. "A ò ní padà síbí mọ́, Jọọlá. Kò ní sí ibí mọ́."

Jọọlá bú sẹ́kún. Ó sun ún dé ìdí, kò sì nu ojú. Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ Fọláránmi, ó yíjú sí ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń fa ìṣó.

"Bàbá," ó ké, "mo ti rí ọkọ."

Olówòkéré yọ ìṣó náà tán, ó gbọn iyanrìn dànù lára pákó gígùn kan, ó sì tẹ̀ ba, ó di ìdí rẹ̀ kan mú.

"Àna mi," ó wí, "wá gbé apá kejì."