Ẹ̀mí Ni Ó Ṣe Iṣẹ́ Yìí

"Bọ́tìnnì ni!"

"Ojú ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ wò ó dáadáa, ó ń wò yín."

"Ojú wo ló rí rìbìtì bẹ́ẹ̀? Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni, ihò mẹ́rin ló ní!"

"Ihò kan ni mo rí."

"Mẹ́ta yòókù ti dí ni!"

Awíjàre ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà nílé àti níléèwé, torí kò jẹ̀bi ẹjọ́ kankan rí lójú ara rẹ̀. Ohun tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń tìtorí ẹ̀ lọgun ò ju àwòrán bíńtín kan lọ, tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún lójú kọ̀ńpútà bàbá wọn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni bàbá náà ṣe títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tìmùtìmù orí ẹ̀ ṣì jin kòtò síbi tó máa ń jókòó.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe ètò kọ̀ńpútà kékeré tó ni àwòrán yẹn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: téèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, á bá a fi àmì sí i. Téèyàn bá tẹ "oko", tó lè jẹ́ oko, ọkọ tàbí ọkọ̀, èyí tí bàbá máa ń tẹ̀ jù ló máa mú.

"Ẹ jẹ́ ká fi ti ojú sílẹ̀ ná," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Kí lẹ ń kó nínú fáìlì Bàámi?"

Olùkọ́ èdè ti ní kí kálukú kọ ìtàn tirẹ̀ wá lọ́la, máàkì ẹ̀ á wọnú ìdánwò àṣekágbá. Ti Awíjàre ò kọjá gbólóhùn kan: "Ní ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀." Látìgbà náà, òjò ọ̀hún ò dá. Ló bá tú fáìlì bàbá wọn, ó rí ìtàn kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì kà, ó sì gbé e lódindi.

"Bàámi ò ní bèèrè máàkì," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ó ku gbólóhùn tí olùkọ́ ní kí gbogbo wọn kọ sísàlẹ̀, pé àwọn fúnra wọn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́: *Emi ni o se ise yii*. Bọ́tìnnì ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ yí padà:

*Ẹ̀mí ni ó ṣe iṣẹ́ yìí.*

Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀mí. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀mí.

"Ìwé àdúrà ni Bàámi máa ń tẹ̀ jù," ni àbúrò rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀mí ló mọ̀. Kò mọ 'èmi'."

Wíńdò wà ní títì, síbẹ̀ ẹ̀yìn ọrùn Awíjàre tutù. Àga sì dà bíi pé ó ń gbóná lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Ó ní òun á pa ètò náà. Bó ṣe fẹ́ pa á, àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ńpútà, ọ̀rọ̀ tí bàbá kọ sínú ẹ̀ ni:

*Ṣé kí n máa lọ?*

Bí bàbá ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́lẹ́ nìyẹn, tó bá ti wọ bàtà tán. Bẹ́ẹ̀ ni wà lápá kan, Rárá wà lápá kejì. Àbúrò rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú.

Ó tẹ Rárá.

"Olùkọ́ ò ní kà á débẹ̀," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta sórí bébà bẹ́ẹ̀.

Àṣé ìsàlẹ̀ ni olùkọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní kíláàsì, ó ní kí Awíjàre dìde kó ka gbólóhùn ìkẹyìn.

"Èmi ni ó..."

"Ka àmì tó wà lórí ẹ̀."

"Ẹ̀mí... ni ó ṣe iṣẹ́ yìí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀mí ta ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Awíjàre ò jiyàn. "Ti bàbá mi, sà."



Òdo ni olùkọ́ fún un. "Bàbá ẹ ti ṣe tirẹ̀ parí," ló wí jẹ́jẹ́. "Má pe iṣẹ́ ẹlòmíì ní tìẹ. Lọ kọ tìẹ wá, kódà kó burú."

Nígbà tó délé, ó jókòó sínú kòtò àga náà, ó ń kọ òjò rẹ̀ títí tó fi dá. Ó tẹ gbólóhùn ìkẹyìn. Ẹ̀mí. Ó tẹ̀ ẹ́ síta, ó fi bírò fagi lé e lórí bébà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Èmi" sókè.

"Ẹ ti wá gbà pé ojú ni?" ni àbúrò rẹ̀ bi í.

"Bọ́tìnnì ni! Mo ti borí ẹ pátápátá!"

Ó gbáyà síwájú bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, ó sì ń lọ. Àmọ́ ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló fi rìn dé ẹnu ọ̀nà, torí kò fẹ́ kẹ̀yìn sí bọ́tìnnì náà.