Fìríìjì Tó Ń Sinmi ní Aago Méjìlá

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ní aago méjìlá géérégé, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. N kò sùn, n kò sì mutí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ilé dákẹ́. Fìríìjì ń kùn bí oyin. Mo wá gbọ́ "ká!", bí ìgbà tí ènìyàn fa okùn iná yọ lára ògiri. Ìkùn náà dá wáí. Mo wo ògiri. Okùn wà níbi tó wà.

Mo ṣí fìríìjì. Ooru fẹ́ mi lójú bí èémí. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi, tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi ìyàwó àbúrò mi, tí à ń jọ gbélé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di yìnyín gbagidi.

Mo pe oníṣẹ́ fìríìjì. Ó fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń tì dáadáa. Rọ́bà dì í mú. Ó gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo gáàsì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó yára fà á yọ.

"Bàbá, òtútù yìí fẹ́ gé mi lọ́wọ́. Kí lẹ wá pè mí fún?"

Èmi náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Fọwọ́ kàn mí wò."

Ó fọwọ́ kàn mí. Ọwọ́ mi gbóná janjan. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Kí lẹ fi fìríìjì yìí ṣe?"

"N kò fi ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò yíjú. "Ẹ sọ fún un, Bàbá. Ẹ ní ẹ̀rọ tí kì í sinmi kì í pẹ́."

"Panu ẹ mọ́!"

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ọ̀rọ̀ mi ni lóòótọ́. Nígbà tí àbúrò mi wà láyé, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tirẹ̀ ló wà nínú fìríìjì yìí. Lójoojúmọ́, ní aago méjìlá, mo máa ń yọ okùn iná rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sinmi di ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀ mí títí. Mo ní ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ mi bí mo ṣe máa lo ẹrù mi. Ìkìlọ̀ wà lára páálí oògùn pé ooru máa ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀wé kà. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Páálí yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kà tán.

Oníṣẹ́ palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. "Ẹ gbé oògùn yín lọ sílé kejì, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ti ń wú."

"Kí èmi sá fún àpótí?"

"Fi wọ́n sílẹ̀, oníṣẹ́," ni ìyàwó àbúrò mi wí. "Ọkọ mi náà bẹ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga síwájú ògiri, mo di orí okùn náà mú pinpin. Aago méjìlá lù. Ọwọ́ kan bọ́ sórí ọwọ́ mi. N kò rí i. Ó tutù bí yìnyín. Ó rọra ń ṣí ìka mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ká!"

Láti ẹnu ọ̀nà, ìyàwó àbúrò mi ní: "Ẹ jẹ́ kó sinmi, Bàbá."

N kò gbé oògùn lọ ibì kan. Ìgò tuntun wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Aago ti fẹ́ẹ́ lu méjìlá.

Ohun tó ti lọ títí di òní nìyí: ìgò oògùn mẹ́rin àti àbúrò mi, ìgò tèmi mẹ́rin àti ẹsẹ̀ òsì mi tí wọ́n gé.