Alágbàárù Inú Ojú

Ọkùnrin náà ò wojú ọmọbìnrin tó ń gé dígí rárá. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù dígí ojú, ó kí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ etí òsì ọmọbìnrin náà ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé etí mi lẹ wá kí ni?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Ẹ má bínú. Tí mo bá wojú yín gan-an, òkùnkùn ló máa ń bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti rí i pé ẹ rẹwà."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Ọkàn rẹ̀ sì fò fẹ̀rẹ̀.

Kò sí dígí tó lè ran ọkùnrin náà lọ́wọ́. Dókítà ti là á yé e pé alágbàárù kan wà nínú ojú ọmọ ènìyàn, èròjà tín-ín-tín tó ń ru ọ̀rá tí ojú ti lò kúrò, kó má bàa di májèlé. Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn ò lágbára. Ọ̀rá ń ṣẹ́ jọ bíi pàǹtí, ó sì ń ba àárín ojú rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ etí rẹ̀ pé ṣáṣá: dùrù ló ń tún ṣe.

Kò ra dígí, síbẹ̀ kò yéé wá. Kí wọ́n tó mọ̀, ìfẹ́ ti kó sí wọn lórí.

Bàbá ọmọbìnrin fárígá. "Ṣé kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa táràrà ni?"

Onídùrù gbọ́, ló bá dáwọ́ wíwá dúró.

Ọmọbìnrin náà tọ dókítà lọ, ó bi í bóyá àwọn ọmọ máa jogún àìsàn náà. "Àfi tí bàbá àti ìyá bá jọ fún ọmọ ní àbùkù yìí," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Bó ṣe kúrò níbẹ̀, ó sáré lọ bá onídùrù nídìí iṣẹ́. "Mo ti fún dókítà lẹ́jẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá èmi náà ní àbùkù yẹn. Kí èsì tó dé, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Tí kò bá dáa ńkọ́, olólùfẹ́ mi?"

"A ó jọ tọ́jú ohun tá a bá bí. Dáhùn, jàre!"

"Màá fẹ́ ẹ! Àní màá fẹ́ ẹ!"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà pè: alágbàárù ti ọmọbìnrin náà ò lábùkù. Ohun tí àwọn ọmọ bá gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ á tó ojú wọn í lò.

Àwọn méjèèjì lọ bá Bàbá. Ó gbọ́ tán, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé èsì yìí ló jẹ́ kó o pinnu láti fẹ́ ẹ?"

"Rárá, Bàbá. Mo ti pinnu kó tó dé."

"A jẹ́ pé lásán ni mò ń bá ẹ jà." Bàbá fa àga sún mọ́ onídùrù. "Àna mi, jókòó. Ìgbà wo ni kí n pe ẹbí jọ?"

"Lọ́la!" ni àwọn méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà.